Àgbàṣe, Ọ̀wẹ̀ tàbí Àáró: Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Ìwádìí Alájùmọ̀ṣe fún Òṣìṣẹ́ Tó Ń Ka Oyè Ọ̀mọ̀wé

Ẹni tó bá dàgbà ní àwọn abúlé tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni àgbẹ̀ lè gbà kó ọwọ́ ènìyàn jọ sórí iṣẹ́ oko. Ó lè gbé iṣẹ́ fún alágbàṣe, kí wọ́n jọ dá iye owó, kí alágbàṣe kọ ebè tán, kí ó gba owó rẹ̀, kí ó sì máa lọ. Ó lè bẹ ọ̀wẹ̀, kí àna, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ wá bá a ṣe é ní ọjọ́ kan, kí òun fi oúnjẹ àti ẹmu dá wọn lọ́lá, ṣùgbọ́n kí oko àti ìkórè jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ó sì lè wà nínú ẹgbẹ́ aláàáró, níbi tí wọ́n ti ń yí láti oko ẹnì kan dé oko ẹnì kejì, tí ẹni tí wọ́n ṣe tirẹ̀ lónìí kò sì gbọdọ̀ fara pamọ́ nígbà tó bá kan tẹlòmíràn.

Ìbéèrè kan náà ló ń dúró de nọ́ọ̀sì, olùkọ́, pásítọ̀ tàbí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó bá padà sí yunifásítì láti gba oyè ọ̀mọ̀wé oníṣẹ́, ìyẹn oyè tí a gbé kalẹ̀ fún ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tó sì fẹ́ fi ìwádìí yanjú ìṣòro tó ń bá pàdé níbẹ̀. Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà fún àwọn olùkọ́ ní irú oyè yìí, tí wọ́n ń pè ní Ed.D., ní 1921. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Yunifásítì Bristol ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, ní 1992. Ìdílé kan náà ni DBA ti àwọn alákòóso okòwò, DrPH ti àwọn onímọ̀ ìlera àwùjọ àti D.Min. ti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ìyàtọ̀ wọn sí Ph.D. kò sí nínú pé ọ̀kan le, èkejì rọ̀. Ó wà nínú ibi tí ìbéèrè ti ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ Ph.D. sábà máa ń rí ìbéèrè rẹ̀ nínú ìwé tí àwọn aṣíwájú kọ; òṣìṣẹ́ máa ń rí tirẹ̀ lórí bẹ́ńṣì tí àwọn aláìsàn jókòó sí. Ìdí nìyí tí ìwádìí alájùmọ̀ṣe fi ń wù ú, níwọ̀n bí àwọn tí ọ̀ràn náà kàn ti wà nítòsí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn ọ̀nà náà ń jẹ́ pọ̀, wọ́n jọra, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tó bá sì yan èyí tí kò bá ipò rẹ̀ mu yóò lo ọdún méjì kí ó tó mọ̀.

Kí ìfiwéra yìí má baà di ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, ọ̀ràn kan ṣoṣo ni màá gbé yí gbogbo wọn ká. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé mátírọ́nì kan ń darí ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́dé kan ní agbègbè Arówómọlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ń ka DrPH. Ìlànà àjẹsára orílẹ̀-èdè wa ni pé kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n bá bí i, kí ó tún gbà á ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14, kí ó wá gba ti oṣù 9 àti ti oṣù 15. Mátírọ́nì ṣàkíyèsí pé bẹ́ńṣì máa ń kún fún ti ọ̀sẹ̀ 6, ó máa ń dín kù ní ọ̀sẹ̀ 10, nígbà tí yóò bá sì fi di ti oṣù 9, àwọn ìyá tó ń yọjú kò tó nǹkan mọ́. Kò mọ ìdí rẹ̀.

Ó lè gba ọ̀nà àgbàṣe: kí ó kọ ìbéèrè sórí fọ́ọ̀mù, kí ó san owó fún àwọn ọ̀dọ́ kan láti pín in kiri, kí ó sì ka èsì rẹ̀. Èyí kì í ṣe ìwádìí alájùmọ̀ṣe, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kẹ́gàn rẹ̀. Bí ohun tó ń wá bá jẹ́ iye, ìyẹn iye ìyá tó dẹ́kun wíwá àti àdúgbò tí wọ́n ti pọ̀ jù, àgbàṣe ló yẹ é. Ìgbà tó bá fẹ́ mọ ìdí, tó sì fẹ́ kí nǹkan yí padà kí òun tó parí ẹ̀kọ́, ni ọ̀rọ̀ ìyókù tó kàn án.

Ìwádìí aṣàtúnṣe nínú ibi iṣẹ́ ẹni

Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní action research. Kurt Lewin, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá tó kúrò ní Jámánì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1933, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú ìwé kúkúrú kan tó tẹ̀ jáde ní 1946. Ó ṣàpèjúwe iṣẹ́ ìwádìí bí ohun tó ń yípo: a ó gbèrò, a ó ṣe é, a ó wo ohun tó ti ibẹ̀ jáde, a ó sì tún èrò náà pa kí a tó tún bẹ̀rẹ̀. Mátírọ́nì wa yóò pe àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ àti akọ̀wé tó ń bójú tó rẹ́jísítà, wọn yóò jọ yan àtúnṣe kan, bóyá kí wọ́n máa tẹ ìyá láago ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ abẹ́rẹ́. Wọn yóò ṣe é fún oṣù mẹ́ta, wọn yóò wo rẹ́jísítà, wọn yóò jókòó sọ ohun tí wọ́n rí, wọn yóò sì yan àtúnṣe kejì. Ohun tí yóò kó wọ inú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ìpàdé wọ̀nyẹn, iye inú rẹ́jísítà àti ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ.

Fún òṣìṣẹ́ tó ń fi ẹsẹ̀ kan wà níbi iṣẹ́, tó fi èkejì wà ní yunifásítì, ọ̀nà yìí ló ṣeé gbọ́kàn lé jù lọ, mi ò sì ní fi bò. Ìyípo méjì tàbí mẹ́ta lè parí láàárín oṣù 12. Kò nílò kí ó wá àyè wọlé, nítorí inú ilé ni ó wà. Àṣẹ láti yí nǹkan padà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ìbéèrè náà kò kúrò ní tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Àwọn ìyá kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń gbèrò. Ẹni tí a ń tẹ̀ láago lásán ni wọ́n. Bí ìdí tí wọn kì í fi í padà wá bá jẹ́ ohùn líle tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, ìpàdé àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ ni ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ti jáde. Ọ̀wẹ̀ tó mọ́yán lórí ni ìwádìí aṣàtúnṣe, òṣìṣẹ́ tó bá sì gbà pé ọ̀wẹ̀ ni kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó bá ń bẹ ọ̀wẹ̀, tó ń pè é ní àáró nínú ìwé àbá ìwádìí rẹ̀, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́.

Ìwádìí aṣàtúnṣe alájùmọ̀ṣe

Bí a bá fi alájùmọ̀ṣe kún orúkọ tó ṣáájú, ọ̀rọ̀ yí padà ju bí ẹnu ṣe ń pè é lọ. Ìran mìíràn ló ti wá. Ní Bràsíì, Paulo Freire kọ́ àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ní ìwé kíkà, ó sì fi ọ̀rọ̀ tó kan ìgbésí ayé wọn ṣe ìwé kíkà náà, títí ìjọba ológun tó gorí oyè ní 1964 fi lé e kúrò nílùú. Ní Tàǹsáníà, láàárín àwọn ọdún 1970, Marja-Liisa Swantz tó ti Finland wá bá àwọn ará abúlé ṣe ìwádìí tí wọ́n jọ ni, Áfíríkà sì wà lára ibi tí orúkọ ìwádìí alájùmọ̀ṣe ti kọ́kọ́ rinlẹ̀. Ní Kòlóńbíà, Orlando Fals Borda kó àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ sí Cartagena ní 1977 láti jíròrò lórí ọ̀nà yìí. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló gbọdọ̀ sọ ibi tó ti ń ta á, òun ló gbọdọ̀ kópa nínú wíwá ìdí rẹ̀, òun ló sì gbọdọ̀ ní ohun tí wọ́n bá rí.

Bí mátírọ́nì bá tọ ọ̀nà yìí, kò ní mú ìbéèrè rẹ̀ lọ bá àwọn ìyá. Yóò kó wọn jọ, yóò sì jẹ́ kí ìbéèrè ti ẹnu wọn jáde. Níbẹ̀ ni wàhálà ti lè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè sọ pé ọ̀ràn abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń dùn wọ́n, omi ni. Wọ́n lè sọ pé ẹnì kan ń gba owó káàdì lọ́wọ́ àwọn nígbà tí àjẹsára jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwádìí ti yíjú padà sí ilé iṣẹ́ mátírọ́nì, ó ti yíjú padà sí àwọn tó gbà á síṣẹ́, ó sì lè yíjú padà sí òun alára. Lójú mi, àmì pé ìwádìí náà ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Síbẹ̀, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí ìwádìí lè dá lẹ́bi gbọdọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè kí ó tó bẹ̀rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, ṣé màá lè dúró tì wọ́n? Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ rárá, kí ó má fa àwọn ìyá wọ inú ohun tí òun yóò sá fún.

Ohun kejì ni àkókò. Kí àwọn ènìyàn tó gbà pé lóòótọ́ ni a fẹ́ kí wọ́n sọ èrò wọn, oṣù púpọ̀ yóò ti kọjá nínú ìkíni, nínú lílọ rí baálẹ̀ àti ìyálọ́jà, nínú ìpàdé tí ènìyàn mẹ́ta péré wá. Yunifásítì kì í ka oṣù wọ̀nyẹn sí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni iṣẹ́.

Ìwádìí àjọṣe pẹ̀lú àdúgbò

Àwọn onímọ̀ ìlera àwùjọ ní Amẹ́ríkà ló gbé èyí ga jù, wọ́n ń pè é ní community-based participatory research, CBPR ní ìkékúrú. Ní 1998, Barbara Israel ní Yunifásítì Michigan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìlànà rẹ̀ jọ sínú àyẹ̀wò kan tí àwọn ènìyàn ṣì ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá fi í wé èyí tó ṣáájú yóò rí i pé inú ìjàkadì ni ìwádìí aṣàtúnṣe alájùmọ̀ṣe ti wá, ṣùgbọ́n inú àdéhùn ni CBPR ti wá. Ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn yóò bá àdúgbò ṣe àdéhùn: ta ni yóò mú owó wá, báwo ni wọn yóò ṣe pín in, ta ló ni dátà, ta ni yóò ka àbọ̀ ìwádìí kí ó tó jáde. Ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn yóò wà tí àwọn aṣojú àdúgbò yóò jókòó sí.

Ó dára púpọ̀ fún ìlú bí Ògbómọ̀ṣọ́, tí yunifásítì LAUTECH ti wà láti 1990, tí ilé ìwòsàn oníṣègùn òyìnbó ti àwọn Onítẹ̀bọmi sì ti wà láti 1907 kó tó di ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Bowen. Ìlú tó bá ti mọ ojú akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé fọ́ọ̀mù dání tó báyìí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí fọ́ọ̀mù àná sọ. Ṣùgbọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tí kò ní owó ìwádìí, CBPR ní kíkún kò ṣeé dá gbé. Àjọṣe tí wọ́n ń sọ yìí ń gba ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gbọdọ̀ ṣì wà lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gba oyè rẹ̀. Bí àjọṣe bẹ́ẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, kí ẹ wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì mú apá kan níbẹ̀ ṣe tiyín. Bí kò bá sí, ẹ má ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sórí iṣẹ́ yín nítorí pé ẹ bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ewu kan tún wà tí àwọn ìwé òkèèrè kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà tó bí ó ti yẹ. Bí ẹ bá ní kí àdúgbò yan aṣojú níbí, àgbà ni wọn yóò yàn. Baálẹ̀ yóò wà níbẹ̀, ìyálọ́jà yóò wà níbẹ̀, lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ yóò wà níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó má sí ẹyọ ìyá kan nínú wọn tó ní ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn. Àwọn àgbà ń ṣojú àdúgbò lóòótọ́. Wọn kò ṣojú ọ̀ràn náà. Ìgbìmọ̀ méjì ni yóò gbà, ti àwọn tó lè ṣílẹ̀kùn àti ti àwọn tó ń rù ú.

Àwọn ohun èlò tí ènìyàn máa ń pè ní ọ̀nà

Mo ti rí ìwé àbá tí wọ́n ti ka PRA àti Photovoice mọ́ àwọn ọ̀nà tí mo ti sọ, bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Lójú tèmi, ohun èlò ni wọ́n: ọkọ́ àti àdá tó lè ṣiṣẹ́ nínú ọ̀wẹ̀, tó sì lè ṣiṣẹ́ nínú àáró.

PRA ni àgbéyẹ̀wò tí àwọn ará ìgbèríko fúnra wọn ń ṣe, tí Robert Chambers ti Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ di olókìkí. Wọ́n á fi ọ̀pá tàbí ẹfun ya àwòrán àdúgbò sílẹ̀. Wọ́n á fi hóró àgbàdo díwọ̀n ohun tó wúwo jù nínú ìṣòro wọn. Wọ́n á to kàlẹ́ńdà iṣẹ́ ọdún kalẹ̀ láìkọ lẹ́tà kan. Ohun tó fi níye lórí ni pé ó ń jẹ́ kí a rí ohun tí rẹ́jísítà kò lè fi hàn wá. Ẹ wo ọ̀ràn mátírọ́nì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjà ọ̀rọ̀ọ̀rún ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin bí a bá fi ìṣirò òyìnbó kà á. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ máa ń wà lójú kan nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, ká ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Láti ọ̀sẹ̀ 6 dé ọ̀sẹ̀ 10 jẹ́ ọjọ́ 28, láti ọ̀sẹ̀ 10 dé ọ̀sẹ̀ 14 náà jẹ́ ọjọ́ 28, mẹ́rin sì pín 28 láìṣẹ́kù. Nítorí náà, ìyá tí abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 ọmọ rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ọjà náà ni ti ọ̀sẹ̀ 10 àti ti ọ̀sẹ̀ 14 yóò bọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó lè fi ọjà sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ti pọ̀. Ìyá tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, tí ti ọmọ tirẹ̀ bọ́ sí ọ̀túnla ọjà, kò ní ìṣòro kankan, àwọn méjèèjì sì jọ wà nínú rẹ́jísítà kan náà. Mátírọ́nì tó ń ka déètì òyìnbó lè wo rẹ́jísítà náà fún ọdún kan láìrí i. Àwọn ìyá tó bá fi hóró àgbàdo to ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí i kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú.

Àléébù PRA ni pé ó yá jù. Ẹni tó fẹ́ kánjú lè fi ọ̀sán kan péré ya àwòrán ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn, kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ó sì pe ìyẹn ní ìwádìí alájùmọ̀ṣe.

Ti Photovoice bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Yunnan ní Ṣáínà láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí Caroline Wang àti Mary Ann Burris gbé kámẹ́rà lé àwọn obìnrin abúlé lọ́wọ́ kí wọ́n fi ya ohun tí ìgbésí ayé wọn rí bí. Lónìí, fóònù ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyá, iṣẹ́ náà sì ti rọrùn. Ewu rẹ̀ náà ti rọrùn. Fọ́tò tí a yà fún ìwádìí lè wà lórí WhatsApp kí ìpàdé tó parí, ojú ọmọ ẹlòmíràn sì lè wà nínú rẹ̀. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ti wà láti 2023, ìgbìmọ̀ ìwádìí yóò sì béèrè bí ẹ ṣe fẹ́ tọ́jú àwòrán wọ̀nyẹn. Kí ẹ kọ́ àwọn ìyá láti ya bẹ́ńṣì, ọ̀nà, káàdì àti ẹsẹ̀, kí wọ́n fi ojú ènìyàn sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì mìíràn kò gba àlàyé gígùn. Appreciative inquiry, tí David Cooperrider àti Suresh Srivastva kọ nípa rẹ̀ ní 1987, máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń lọ dáadáa: kí ni àwọn ìyá tí kì í pa abẹ́rẹ́ jẹ ń ṣe? Ó dára níbi tí ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń gba owó káàdì, oríkì kọ́ ni ọ̀ràn náà ń fẹ́. Co-operative inquiry, ti John Heron àti Peter Reason, ni ti ẹgbẹ́ kékeré tí olúkúlùkù nínú wọn jẹ́ olùwádìí, tó tún jẹ́ ẹni tí a ń wádìí. Nínú gbogbo èyí tí mo dárúkọ, òun ló sún mọ́ àáró jù lọ. Pásítọ̀ mẹ́jọ tó ń ka D.Min., tàbí igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, lè ṣe é láìsí pé ẹnikẹ́ni jẹ́ ọ̀gá ẹnìkejì.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà”

Ohun tó ń ba ìwádìí alájùmọ̀ṣe jẹ́ jù nílẹ̀ wa kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe, ìtẹríba wa ni. Nígbà tí mo ń ṣe ti Ed.D. tèmi ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá, mo pe àwọn olùkọ́ sí ìpàdé, mo ṣàlàyé èrò mi, mo sì ní kí wọ́n sọ tiwọn láìbẹ̀rù. Gbogbo wọn ní ó dára, mà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé a fohùn ṣọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni olùkọ́ kan, ẹni tó kéré jù nínú wọn, pàdé mi lójú ọ̀nà, tó sì fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ pé, “Ẹ má bínú, mà, kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ nínú wa. A kàn rò pé ẹ ti parí rẹ̀ ni.” Mo ní láti fa ojú ewé méjìlá ya.

Láti ìgbà náà, mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí léèrè pé bẹ́ẹ̀ ni mà kì í ṣe dátà. Kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí àgbà gbẹ̀yìn. Kí àwọn ìyàwó ilé jókòó lọ́tọ̀ sí àwọn ìyá ọkọ wọn. Kí wọ́n ju hóró àgbàdo sínú igbá onídérí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yan, kí ẹnikẹ́ni má rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ẹlòmíràn tí kò ní àṣẹ lórí wọn darí ìpàdé, kí ọ̀gá sì jáde kúrò nínú yàrá. Sherry Arnstein kọ ní 1969 nípa àtẹ̀gùn onípele mẹ́jọ tó fi ń wọn bí àwọn ará ìlú ṣe ń kópa, láti ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́ya lásán dé òkè níbi tí àṣẹ ti wà lọ́wọ́ wọn. Ó dára kí ẹ sọ ní pàtó nínú ìwé àbá yín ipele tí ẹ wà, kí ẹ má sì gun òkè jù.

Ọ̀rọ̀ ìwádìí gan-an ní wàhálà tirẹ̀. Létí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́jà, ọlọ́pàá ló ń ṣe ìwádìí. Nọ́ọ̀sì tó bá ní òun wá ṣe ìwádìí lórí ìdí tí ẹnì kan kò fi gbé ọmọ rẹ̀ wá ti fẹ̀sùn kàn án kó tó jókòó. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí ẹ jọ jíròrò, tàbí kí ẹ jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìyọ̀ǹda tí wọn yóò fọwọ́ sí.

Níbi tí ìlànà yunifásítì ti ń tako ìlànà àjùmọ̀ṣe

Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí máa ń fẹ́ rí gbogbo ìbéèrè yín ṣáájú. Ìwé ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ìwádìí ìlera ti wà láti 2007. Nínú ìwádìí aṣàtúnṣe, ẹ lè fún wọn ní ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú èyí tí àwọn olùkópa ń dá ìbéèrè sílẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ohun tó máa ń yọrí ni kí ẹ gba àṣẹ ní ìpele-ìpele: àkọ́kọ́, àṣẹ láti pe ènìyàn jọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan ìbéèrè, àṣẹ láti wá ìdáhùn rẹ̀. Ẹ fi oṣù méjì sílẹ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan nínú ètò àkókò yín.

Yunifásítì tún ń fẹ́ kí ẹ búra pé iṣẹ́ yín nìkan ni. Ìṣòro yìí kò sí fún ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀. Fún ẹni tó wà nínú àáró, ó le. Èyí tí mo fara mọ́ ni kí àkọsílẹ̀ méjì wà. Ẹgbẹ́ yóò ní tiwọn, ní èdè Yorùbá, tí wọ́n lè kà nínú ìpàdé tàbí kí wọ́n gbé lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Àpilẹ̀kọ yóò jẹ́ tiyín, kókó rẹ̀ yóò sì jẹ́ ohun tí ẹ̀yin ṣe, ohun tí ẹ kọ́ àti ibi tí ẹ ti ṣìnà.

Ní ti fífi orúkọ bò, ẹ má gbàgbé bí ìlú ṣe kéré tó. “Mátírọ́nì kan ní Arówómọlẹ̀” ti tó kí gbogbo àdúgbò mọ ẹni náà. Orúkọ àdúgbò, orúkọ agbo ilé, iye ọmọ, ìbejì tàbí ìdòwú: ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń tú àṣírí ju orúkọ ẹni gan-an lọ.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ìbéèrè bá jẹ́ tiyín, tí àṣẹ wà lọ́wọ́ yín, tí ọdún kan sì lẹ yóò fi ṣe é, ẹ mú ìwádìí aṣàtúnṣe, kí ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá wà láàárín ẹgbẹ́ yín tí ipò yín dọ́gba, co-operative inquiry ni kí ẹ gbìyànjú, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń yàn án kò pọ̀. Bí àwọn ènìyàn bá ti wá bá yín pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn wọn kí ẹ tó ronú kan oyè rárá, tí ẹ sì lè dúró tì wọ́n nígbà tó bá gbóná, ìwádìí aṣàtúnṣe alájùmọ̀ṣe tọ́ sí yín. CBPR, ẹ dúró dè é títí ẹ ó fi ní ilé-iṣẹ́ tàbí àjọ tí yóò wà níbẹ̀ lẹ́yìn yín.

Ní ti mátírọ́nì, ìwádìí aṣàtúnṣe ni màá gbà á nímọ̀ràn láti ṣe, pẹ̀lú agbo àwọn ìyá mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí yóò máa jókòó lọ́tọ̀ sí ti àwọn nọ́ọ̀sì, tí ẹlòmíràn yóò sì máa darí, kí hóró àgbàdo àti kàlẹ́ńdà ọjà jẹ́ ohun èlò wọn. Ọ̀wẹ̀ ni, kí ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé àkọ́kọ́, kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ rárá, kí ó bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn náà ń fẹ́ kí nọ́ọ̀sì bá wọn yẹ̀ wò, ìbáà jẹ́ omi, ìbáà jẹ́ owó káàdì, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn, kí wọ́n sì jọ fi ọjọ́ sí i, ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà.